Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìwé?

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka Èkó. A gbé e síbí fún àǹfààní àwọn ọmọ ìlú tí wọn ò ráyè wá.

Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn kan nínú yín ti kúrò nílé kí wọ́n tó lè bá ìpàdé yìí.

Ọ̀rọ̀ lórí ọ̀dọ́ àti ìdàgbàsókè ìlú ni wọ́n ní kí n sọ. Ẹ má bínú sí mi, mo ti yí i díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, mo sì rí i pé bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, ó lè ti bọ́ sórí.

Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ rán ẹ̀ka ọ̀dọ́ níṣẹ́ pé ká lọ kọ orúkọ àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó àti agbègbè rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà lápapọ̀ lẹ́yìn Ṣàngó Ọ̀tà ló fà á, èyí tí a máa pín sí pulọ́ọ̀tì fún àwọn tó bá fẹ́ máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin la pín iṣẹ́ náà láàárín ara wa. Ìkòròdú ló bọ́ sọ́dọ̀ mi.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa ní àyè mẹ́rin: orúkọ baálé ilé, iye ọmọ, àdírẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà fóònù. Mo dé ilé ìyá wa kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ wọn. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, wọn ò tíì kùn ún. Ìyá náà fún mi lómi tútù, wọ́n sì dáhùn gbogbo ìbéèrè mi. Nígbà tí mo dé ibi "baálé ilé," mo béèrè orúkọ ọkọ wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n dárúkọ, mo kọ ọ́. Bí mo ṣe ń dìde báyìí, ọmọbìnrin wọn tó wà ní JSS 3, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní: "Ẹ̀gbọ́n, dádì mi ò gbé ibí o. Mọ́mì ló kọ́ ilé yìí." Ìyá rẹ̀ bá a wí, wọ́n ní ta ló bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní: "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Nígbà tí mo kó gbogbo fọ́ọ̀mù jọ láti tẹ̀ wọ́n sórí kọ̀ǹpútà, mo wá rí ohun tí a ṣe. A kọ orúkọ baálé tó ti wà lókè òkun láti ọjọ́ pípẹ́. A kọ orúkọ baálé tó ti kú. Àwọn àǹtí wa tó ń dá gbé, tí wọ́n ń san owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù, a fò wọ́n, nítorí a rò pé kò sí baálé nílé wọn. Kì í ṣe àgbàlagbà kankan ló ṣe é. Èmi ni. Èmi tí mo máa ń pariwo ẹ̀tọ́ obìnrin ní fásitì, èmi ni mo fi bíìrò ara mi kọ ọ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ìbáwí fún ẹnikẹ́ni. Ara mi ni mo kọ́kọ́ bá wí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìlú ńlá yìí ṣe ń fẹ̀. Èkó ti kún, ó ti ya wọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìbàdàn náà ń gbòòrò sí i ní gbogbo ẹ̀yìn odi. Ẹ̀yìn odi yìí ni owó wa ká. Ilẹ̀ ibẹ̀ dín lówó nítorí ọ̀nà tó dáa ò tíì débẹ̀, omi ẹ̀rọ ò sí, iná sì ń ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n owó tí a rò pé a ò san lórí ilẹ̀ yẹn, ẹnìkan ń fi ara san án lójoojúmọ́.

Mi ò sọ pé ọkùnrin kì í jìyà o. Bàbá tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Island, ìdájí ló ń jáde, alẹ́ ló ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí bàbá àti ìyá bá jọ wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, iṣẹ́ bàbá parí nígbà tí ó bọ́ bàtà. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ku ọbẹ̀, ó ku aṣọ iléèwé, ó ku omi. Bí ẹ̀rọ kànga bá sì bàjẹ́ ládùúgbò, ta ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì? Ọmọbìnrin ilé ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé, a ní ká má dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, tí èsì WAEC bá jáde, a ó ní ọmọkùnrin lórí ìwé ju ọmọbìnrin lọ. Àbí irọ́ ni mo pa?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ omi kọ́ ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó obìnrin ṣe ń wọ inú ilé tí orúkọ rẹ̀ kì í sì í jáde níbẹ̀.

Tọkọtaya kan fẹ́ kọ́lé. Ọkọ ń gba owó oṣù, ìyàwó ń tajà. Wọ́n jókòó, wọ́n pín ẹrù, ó sì dà bíi pé ó tọ́: owó oṣù ọkọ á máa lọ sí bùlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì àti páànù, owó ọjà ìyàwó á máa lọ sí oúnjẹ, owó iléèwé àti oògùn. Ọdún mẹ́wàá kọjá, ilé dúró. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ló kọ́ ọ. Ọkọ ní rìsíìtì ilẹ̀, ó ní rìsíìtì bùlọ́ọ̀kù, ó ní rìsíìtì páànù. Ìyàwó ńkọ́? Oúnjẹ kò ní rìsíìtì. A ti jẹ ẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ká ní obìnrin yẹn ò bọ́ ilé fún ọdún mẹ́wàá, bùlọ́ọ̀kù kan ò lè gun orí ìkejì.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Oúnjẹ ni wọ́n ń tà. Ọkọ wọn, ẹni ire ni, ó sì fẹ́ràn wọn. Ikú dé lójijì, àwọn ọmọ ṣì kéré. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n olóògbé wá, wọ́n ní ìwé ilẹ̀ dà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé. Ẹ gbọ́ o, wọn ò lé wọn jáde. Wọn ò bú wọn. Wọ́n kàn ní kí yàrá méjì nínú mẹ́rin jẹ́ ti ẹbí, kí wọ́n fi háyà, kí owó rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń bá ayálégbé tí wọn ò mọ̀ rí pín ilé ìdáná tí owó oúnjẹ wọn kọ́. Nígbàkúùgbà tí a bá lọ kí wọn, wọ́n máa ń ní ká wọlé jẹ́ẹ́jẹ́, kí a má dí ayálégbé lọ́wọ́.

Àwọn kan á sọ pé àṣà wa nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká yẹ àṣà náà wò dáadáa, torí a máa ń di ohun tó pọ̀ ru àṣà.

Lóòótọ́, àṣà Yorùbá ò jẹ́ kí ìyàwó jogún ọkọ. Ní 1957, ilé ẹjọ́ Federal Supreme Court sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé òfin ìbílẹ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n àṣà yìí kan náà ní ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin ṣe ń jogún. Ní Èkó ní 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọbìnrin tó jẹ́ àgbà lè ṣe olórí ẹbí. Àṣà wa kọ́ ló ní kí obìnrin má ní nǹkan. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, oko ńláńlá ló ní. Owó tí obìnrin Yorùbá bá sì fi òwò rẹ̀ pa, tirẹ̀ ni. Ọkọ ò láṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó wà níbí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé? Ohun tí mo rò nìyí, kí àwọn àgbà tún un ṣe bí mo bá ṣì í. Nílé, orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ọkùnrin ń kọ́lé sí. Kò sí ẹni tó ra ilẹ̀ yẹn, ti ẹbí ni. Ó yé ènìyàn bí wọ́n bá ní kí ìyàwó má jogún ilẹ̀ ẹbí ọkọ, torí òun náà ní agbo ilé bàbá tirẹ̀ tó lè padà sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀yìn Ṣàngó Ọ̀tà kì í ṣe ilẹ̀ bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilẹ̀ tí a fi owó rà ni. Ẹni méjì ló sì da owó náà pọ̀. Òfin tí àwọn bàbá wa ṣe fún ilẹ̀ ẹbí, a gbé e wá sí ìlú ńlá, a gbé e ka orí ilẹ̀ àdàpọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ wò ó, kò sí ẹ̀sìn wa kan tó lòdì sí ohun tí mo ń sọ. Kùránì fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá sí ọmọ. Ẹni tó sì ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, òfin ìjọba fún un ní ìpín tirẹ̀. Ìyẹn dára. Àmọ́ ogún ni gbogbo ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ṣáájú ogún. Bí ìdajì ilé bá jẹ́ ti obìnrin nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, kí ló dé tó fi máa dúró dìgbà tí ọkọ bá kú kí wọ́n tó pín in fún un? Ènìyàn kì í jogún ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè fi hàn pé tirẹ̀ ni ni kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ìwé.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Ẹ bi àwọn ọmọbìnrin inú ẹ̀ka wa tó ń wá ilé háyà lẹ́yìn ìsìnrú ìlú. Wọ́n á ríṣẹ́, wọ́n á ní owó lọ́wọ́, ẹ́jẹ́ǹtì á mú wọn délé, onílé á ní, "Ọkọ rẹ ńkọ́?" Bí wọn ò bá lọ́kọ, ó ti tán. Onílé á ní òun ò fẹ́ ọmọge, wọ́n á máa kó ọkùnrin wọlé. Ọmọkùnrin tí wọ́n jọ jáde fásitì ò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo mọ ẹni tó ní láti bẹ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pé kó wá fi orúkọ rẹ̀ gba ilé. Ẹ̀gbọ́n sanwó, rìsíìtì jáde ní orúkọ àbúrò. Bẹ́ẹ̀, Òfin Ilé Gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, sọ pé dandan ni kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì, kí orúkọ ayálégbé sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò bá yí padà, kí ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi hàn? Nínú ẹgbẹ́ yìí náà, àwọn tó ní ilé háyà pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ ẹlòmíì bá kan ilẹ̀kùn yín, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Ìjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Èkó níbí, ní 1940, ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá kọjá £50 máa san owó orí. Alimotu Pelewura, tó ń ta ẹja ní ọjà Eréko, kó àwọn ìyá ọlọ́jà jáde. Wọ́n ní obìnrin kì í dìbò, kí ló dé tó fi máa sanwó? Ìjọba gbé e sókè sí £200, èyí tó yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi orí owó orí yìí kan náà fa ìjàngbọ̀n, títí tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ń sọ ò le: bí owó mi bá dára tó láti gbà, orúkọ mi náà dára tó láti kọ.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé ara wa. Nígbà tí a ń kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, ẹ̀ka àwọn ìyá san tiwọn pé, wọ́n sì ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọ́n tún se oúnjẹ ọjọ́ ìṣílé. Ní báyìí, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ tí a fẹ́ rà, ènìyàn méje ni. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó ní "baálé ilé" yẹn, ìgbìmọ̀ tí obìnrin kan bá wà nínú rẹ̀ ò bá ti rí àṣìṣe rẹ̀ kó tó kúrò lórí tábìlì.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lórí WhatsApp wa. Wọ́n ní bí obìnrin bá ní ilé tirẹ̀, kò ní bọ̀wọ̀ fún ọkọ mọ́. Ẹ dákun, ọ̀wọ̀ tó jẹ́ pé àìríbi-lọ ló mú un wá, ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn? Àwọn mìíràn ní ọmọbìnrin á gbé ilẹ̀ ẹgbẹ́ lọ fún ọkọ tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Ọmọkùnrin wa náà ń fẹ́ ìyàwó láti ìlú mìíràn, a ò tíì gbọ́ pé ó gbé ilẹ̀ lọ. Ọmọ tí ọmọbìnrin wa bá bí, ọmọ wa ni. Tótó ó ṣe bí òwe o, àwọn àgbà ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ. Ilé la fẹ́ kọ́. Ẹni yòówù kó sanwó rẹ̀, kí ilé ṣáà ti dúró, kí orúkọ ẹni tó kọ́ ọ sì wà níbẹ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin. Ìparí oṣù yìí ni a máa pa ìwé ilẹ̀ dé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ó lè bọ́ sórí.

Èkíní, kí a yọ "baálé ilé" kúrò lórí fọ́ọ̀mù. Kí a kọ "orúkọ ẹni tó ń sanwó." Bí ó bá jẹ́ tọkọtaya, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rìsíìtì, kó wà lórí ìwé àdéhùn, kó sì wà lórí sọfé.

Èkejì, kí obìnrin yòówù tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ì báà lọ́kọ, ì báà má lọ́kọ, ì báà ṣe opó, lè gba pulọ́ọ̀tì ní orúkọ ara rẹ̀, láìmú ọkùnrin wá bá a fọwọ́ sí i. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 43, sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi ní Nàìjíríà. Kò ní ọkùnrin nìkan.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ó kéré tán obìnrin mẹ́ta kún ìgbìmọ̀ ilẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé owó ní báǹkì. Kì í ṣe láti máa pín oúnjẹ níbi ìpàdé o.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti kọ́lé, mi ò ní kí ẹ wá jẹ́wọ́ níbí. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ ṣí àpótí, ẹ wo ìwé náà. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹni tó bọ́ yín títí ilé fi parí ò sí níbẹ̀, ẹ lọ rí lọ́yà. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ wà láàyè, kí àbúrò yín má baà bá yín ṣe é.

Iṣẹ́ tiwa náà, a ti bẹ̀rẹ̀. Àwa márààrún ń padà lọ sí gbogbo ilé tí a ti kọ, ilé kan lẹ́yìn ilé kan. Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ní Ìkòròdú ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fa ìlà sí orúkọ tí mo kọ tẹ́lẹ̀, mo kọ tiwọn. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó pẹ́. Ọmọ wọn dúró lẹ́yìn wọn, òun náà ń wò ó. Wọ́n wá bi mí pé: "Ṣé ẹgbẹ́ á gbà á báyìí?"

Mi ò lè dáhùn. Kì í ṣe èmi ni mo ni ẹgbẹ́. Mo sọ fún wọn pé màá bá wọn béèrè nípàdé. Ìbéèrè wọn ni mo gbé wá síwájú yín, alága.

Bí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ níbì kan, ẹ foríjì mí, ọmọ yín ni mí. Ìlú wa ò ní bàjẹ́ o. Olúwa á mú kálukú wa délé ní àlàáfíà.